Físà Láti Lọ Bá Ọkọ Mi ní UK: Ṣé Kí N Gba Lọ́yà Ni?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n lọ́yà. Ìsánlú ni mo wà, tíṣà ni mí, NCE ni mo ní. Ọkọ mi wà ní Manchester, ó ti gba pásípọ́ọ̀tù wọn níbẹ̀, ilé ìkẹ́rùsí ló ti ń ṣiṣẹ́, ó ti lé lọ́dún kan, £31,000 ni wọ́n ń san fún un lọ́dún. A ṣe ìdána, a sì ṣe ìgbéyàwó ṣọ́ọ̀ṣì nílé ní 2023. Ó ti fẹ́ ẹnìkan rí ní Kàbà kó tó lọ, àmọ́ àwọn ẹbí ti pín wọn, wọ́n ti dá owó orí padà. Ẹ́jẹ́ǹtì kan ní Lọ́kọ́ja ní kí n mú ₦2.5 mílíọ̀nù wá, pé físà dájú. Lọ́yà tí ọkọ mi bá sọ̀rọ̀ ní London náà gbówó lérí gan-an. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní kò sídìí fún lọ́yà rárá, pé orí íntánẹ́ẹ̀tì làwọn ti ṣe tiwọn. Èwo ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Okun o, àbúrò mi. Ẹ kú ìfaradà, kì í ṣe nǹkan kékeré kí ọkọ wà lókè òkun kí ìyàwó wà ní Ìsánlú, kẹ́ ẹ máa fi WhatsApp tọ́jú ara yín.

Èrò mi rèé: fọ́ọ̀mù físà yẹn fúnra ẹ̀, ẹ̀yin àti ọkọ yín lè ṣe é láìgba lọ́yà kankan. Àmọ́ ọ̀rọ̀ ìyàwó àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ fi ìlà kan ṣoṣo sọ, tẹ́ ẹ sáré kọjá lórí ẹ̀ yẹn, òun ló ń fẹ́ lọ́yà, lọ́yà ilé níbí sì ni. Ohun tí mo máa ń rí ni pé ibi tí kò sí wàhálà làwọn èèyàn ń kówó lé, ibi tí wàhálà wà gan-an wọn ò ní bojú wò ó.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo apá ti UK, torí òun ló rọrùn. Ọkọ yín ti di ọmọ ìlú wọn, torí náà físà ìyàwó lẹ máa béèrè fún. Fún àwọn míì tó ń kà á, tó bá jẹ́ físà iṣẹ́ lọkọ yín fi wà níbẹ̀, fọ́ọ̀mù míì lẹ máa kọ, dependant ni wọ́n ń pè é, iye owó tí mo fẹ́ sọ yìí ò sì kàn yín, tó bá wá jẹ́ iṣẹ́ care worker ni, láti 11 March 2024 ni wọ́n ti sọ pé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gba físà yẹn ò lè kó ìyàwó tàbí ọmọ wá mọ́. Ẹ mọ irú ìwé tí ọkọ yín ní kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Owó ni wọ́n kọ́kọ́ máa wò. Láti 11 April 2024, ọkọ gbọ́dọ̀ máa gba £29,000 lọ́dún kí wọ́n tó yọ tákísì, £18,600 ni tẹ́lẹ̀, torí náà tẹ́ ẹ bá ń gbọ́ iye yẹn lẹ́nu àwọn tó ti lọ tipẹ́, ti àtijọ́ nìyẹn. £29,000 ń lọ sí nǹkan bíi £2,417 lóṣù, £31,000 ti ọkọ yín ń lọ sí £2,583, ó ti kọjá ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ tó bá ní òun á dúró fún un, wọn ò ní kà á. Owó oṣù tiyín ní Ìsánlú, wọn ò ní kà á.

Iye owó kọ́ ló ń kó ọ̀pọ̀ sí wàhálà o, bí wọ́n ṣe fi hàn ni. Kí ọkọ yín tẹ́ payslip oṣù mẹ́fà sórí tábìlì, kó tẹ́ statement báńkì oṣù mẹ́fà kan náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, kó wá mú bírò. Iye tó wà nísàlẹ̀ payslip, ìyẹn èyí tí wọ́n san sí i lọ́wọ́ lẹ́yìn tí wọ́n yọ tákísì, òun gẹ́lẹ́ ló yẹ kó wọlé sí báńkì pẹ̀lú orúkọ ilé iṣẹ́ náà. Tó bá jẹ́ £2,108.40 ló wà lórí payslip, kó wá £2,108.40 rí nínú statement kó fàlà sí i nídìí, kó bọ́ sí oṣù tó kàn, títí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà á fi pé. Tí oṣù kan ò bá dọ́gba, bóyá torí ó ní kí wọ́n pín owó náà sí àkáǹtì méjì, kó mú statement àkáǹtì kejì wá, kó sì kọ lẹ́tà ṣókí ṣàlàyé. Kó gba lẹ́tà níbi iṣẹ́ pé òun ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, iye tí wọ́n ń san. Kẹ́ ẹ sì ṣọ́ déètì: lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fi fọ́ọ̀mù sílẹ̀, payslip àti statement tó gbẹ̀yìn ò gbọdọ̀ tíì ju ọjọ́ 28 lọ. Iṣẹ́ tí lọ́yà máa gba owó gọbọi fún nìyẹn, mo dẹ̀ ti sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é fún yín tán.

NCE yín kì í ṣe digírì, torí náà ẹ máa ṣe ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì ti A1, sísọ àti gbígbọ́ ni, òun ló rọrùn jù nínú gbogbo ìdánwò wọn, tíṣà bíi tiyín ò ní láti bẹ̀rù ẹ̀. Ibi tí ìjọba UK fọwọ́ sí nìkan ni kẹ́ ẹ ti ṣe é. Ẹ máa ṣe àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ, oṣù mẹ́fà péré ni ìwé ẹ̀ fi ń ṣiṣẹ́, ẹ má sáré ṣe é kí àwọn ìwé yòókù tó pé. Kí ọkọ yín fi ìwé ilé tó ń gbé ránṣẹ́. Fọ́tò, ìwé ìrìnàjò tó fi wá wò yín, owó tó ń fi ránṣẹ́, chat díẹ̀díẹ̀ láti oṣù sí oṣù, ìyẹn tó.

Owó ìjọba fúnra ẹ̀ pọ̀. Ní April 2025, wọ́n sọ owó fọ́ọ̀mù fún ẹni tó wà níta UK di £1,938. Owó ìlera wọn, £1,035 ni lọ́dún, oṣù 33 ni físà yẹn, ọdún mẹ́ta ni wọ́n sì ń kà á sí, ìyẹn £3,105. Ẹ yẹ gov.uk wò lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ san torí wọ́n máa ń fi kún un. Tí wọ́n bá kọ̀ fún yín, owó ìlera á padà, owó fọ́ọ̀mù ò ní padà.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ìyàwó àkọ́kọ́. Fọ́ọ̀mù yẹn máa béèrè bóyá ọkọ yín ti gbéyàwó rí, àti bó ṣe parí, ìwé ni wọ́n á sì fẹ́ rí. Nílé wa níbí, tí ẹbí méjèèjì bá ti jókòó, tí wọ́n ti dá owó orí padà, gbogbo àdúgbò ti gbà pé ó tán nìyẹn. Mi ò bẹnu àtẹ́ lu àṣà wa, ṣùgbọ́n irú ìgbéyàwó tí wọ́n ṣe nígbà yẹn ló máa sọ bóyá ìpàdé ẹbí tó láti tú u.

Tó bá jẹ́ pé wọ́n lọ sí rẹ́jísírì, tàbí wọ́n ṣe é ní ṣọ́ọ̀ṣì tó ní láísẹ́ńsì, tí wọ́n buwọ́ lu sátífíkéètì abẹ́ òfin, kò sí ẹbí, kò sí pásítọ̀, kò sí ọba tó lè tú u, High Court nìkan ló lè ṣe é. Tí wọn ò bá tíì dé kóòtù, lójú òfin ọkọ yín ṣì níyàwó, ìgbéyàwó tẹ́ ẹ ṣe ní 2023 yẹn ò sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí máa dùn yín, ó sàn kẹ́ ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi ju kẹ́ ẹ kà á nínú lẹ́tà tí wọ́n fi kọ̀ fún yín lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti náwó tán. Ó ní àtúnṣe. Matrimonial Causes Act, òfin Nàìjíríà lórí ìgbéyàwó rẹ́jísírì, gbà kí kóòtù tú ìgbéyàwó ká tí tọkọtaya ò bá ti gbé pọ̀ fún ọdún méjì tí ẹni kejì ò sì bá takò ó, tàbí ọdún mẹ́ta bó fẹ́ bó kọ̀. Kóòtù á kọ́kọ́ fúnni ní decree nisi, ìyẹn àṣẹ ìkọ̀sílẹ̀ tí kò tíì parí, lẹ́yìn oṣù mẹ́ta ó máa di absolute, ìyẹn àṣẹ tó parí pátápátá, ìgbà yẹn ni ọkọ yín tó lómìnira, ẹ̀yin méjèèjì á wá lọ sí rẹ́jísírì lọ buwọ́ lùwé tuntun. Ó máa gba àkókò, àmọ́ ìgbéyàwó yín á dúró níwájú ẹnikẹ́ni.

Tó bá jẹ́ ti ìbílẹ̀ nìkan ni wọ́n ṣe, ọ̀rọ̀ fúyẹ́ díẹ̀, kò tíì tán síbẹ̀. Òfin UK kan wà, Family Law Act ti 1986, ó sọ pé ìkọ̀sílẹ̀ tí kò gba kóòtù kọjá, àwọn ò ní kà á sí tí ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì bá ti ń gbé UK fún odindi ọdún kan ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n kọ ara wọn. Ẹ wò ó dáadáa. Tí àwọn ẹbí bá dá owó orí padà lẹ́yìn tí ọkọ yín ti lo ọdún kan ní Manchester, ohun tí gbogbo Kàbà gbà pé ó ti parí, wọ́n lè sọ lọ́hùn-ún pé kò parí. Ìdí tí mo fi máa ń ní kí wọ́n gba kóòtù ìbílẹ̀ lọ nìyí, kí adájọ́ gbọ́ ẹjọ́ náà, kó fún wọn ní ìwé tó ní òǹtẹ̀. Òpó tó ru ilé ni ìwé yìí, àwọn payslip àti chat yòókù, orí ẹ̀ ni wọ́n dúró lé.

Ẹnìkan lè sọ fún yín pé kí ọkọ yín kàn kọ ọ́ pé òun ò gbéyàwó rí. Ẹ má ṣe é láéláé. Kó tó di ọmọ ìlú wọn ó ti kọ fọ́ọ̀mù oríṣiríṣi, ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀ ló sì máa ń béèrè bóyá èèyàn níyàwó, ìdáhùn ẹ̀ wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n á sì fi wé tuntun. Ẹlòmíì á ní òun lè bá yín ṣe decree láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ìwé kóòtù ní nọ́ńbà, wọ́n lè béèrè lọ́wọ́ kóòtù náà, ìwé ayédèrú kan sì lè ti ilẹ̀kùn UK mọ́ yín fún ọdún mẹ́wàá.

Torí náà, owó lọ́yà tẹ́ ẹ ní, ibi ọ̀rọ̀ yìí ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ná an sí. Ẹ wá lọ́yà tó ń lọ sí High Court tó wà ní Kàbà tàbí Lọ́kọ́ja, tó ti ṣe ẹjọ́ ìgbéyàwó rí, kí ìwé tó bá kọ ní òǹtẹ̀ NBA, ẹgbẹ́ àwọn lọ́yà Nàìjíríà, lára, kẹ́ ẹ gba rìsíìtì. Iṣẹ́ yẹn nìkan ni kẹ́ ẹ bá a dúnàá dúrà lé lórí. Áfídéfíìtì kékeré, tí orúkọ tàbí ọjọ́ ìbí bá yàtọ̀ láàárín ìwé yín, kò nílò lọ́yà, ẹ lè lọ sí rẹ́jísírì kóòtù fúnra yín.

Ti London ńkọ́? Mi ò ní kẹ́ ẹ gbé gbogbo iṣẹ́ fún wọn. Kí ọkọ yín san owó wákàtí kan péré, kó béèrè ohun méjì: ṣé wọ́n máa gba ìkọ̀sílẹ̀ yìí, àti tó bá jẹ́ pé ẹjọ́ kóòtù máa pẹ́, ṣé ọ̀nà ti àwọn tó jọ wà bíi tọkọtaya fún ọdún méjì láìtíì fẹ́ra lè bá yín mu. Kó rí i dájú pé ẹni náà jẹ́ solicitor, ìyẹn lọ́yà, tó wà lábẹ́ SRA, àjọ tó ń ṣọ́ àwọn lọ́yà níbẹ̀, tàbí orúkọ ẹ̀ wà nínú ìwé Immigration Advice Authority, àjọ tó ń ṣọ́ àwọn tó ń gbani nímọ̀ràn lórí físà, tí wọ́n ń pè ní OISC títí di January 2025, torí ẹ̀ṣẹ̀ ni níbẹ̀ kí ẹni tí kò ní àṣẹ máa gbani nímọ̀ràn lórí físà. Tó bá jẹ́ pé wọ́n ti kọ̀ fún yín rí, tàbí ọkọ yín ń dá iṣẹ́ ara ẹ̀ ṣe, tàbí ẹnìkan nínú yín ti dúró kọjá àkókò físà rí, tàbí ọmọ kan wà tí òbí ẹ̀ kejì kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí, màá ní kẹ́ ẹ gbé gbogbo ẹ̀ lé wọn lọ́wọ́. Tí wọ́n bá sì kọ̀ fún yín lọ́jọ́ iwájú, ọjọ́ 28 lẹ ní láti pe ẹjọ́ látibí, ẹ má fi wákàtí kan ṣòfò níbẹ̀.

Ẹ́jẹ́ǹtì Lọ́kọ́ja yẹn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi í sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè sọ pé físà dájú, ọ́físà tó ń wo ìwé yín ò mọ̀ ọ́n. Àwọn mìíràn máa ń fi email tiwọn sínú fọ́ọ̀mù, UK á kọ̀wé béèrè ìwé kan, ẹ ò ní rí i, ìgbà tó bá ti bàjẹ́ tán lẹ máa tó gbọ́. Àwọn kan á ní kẹ́ ẹ gba físà àbẹ̀wò, kẹ́ ẹ yí i padà tẹ́ ẹ bá débẹ̀. Òfin UK ò gbà kí ẹni tó bá físà àbẹ̀wò wọlé yí i sí ti ìyàwó.

Tẹ́ ẹ bá pe ọkọ yín lálẹ́ òní, ẹ má bẹ̀rẹ̀ látorí físà. Ẹ fi sùúrù bi í pé irú ìgbéyàwó wo ni wọ́n ṣe ní Kàbà, ọdún wo, ṣé wọ́n buwọ́ lùwé, ta ni ìwé náà wà lọ́wọ́ ẹ̀, ọjọ́ wo ni wọ́n dá owó orí padà, ibo lòun wà lọ́jọ́ yẹn. Tí kò bá dá a lójú, kí àbúrò ẹ̀ kan lọ bá wọn wo ìwé ní rẹ́jísírì ìgbéyàwó ní Kàbà àti ní ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ti ṣe é. Ẹ fi ìdáhùn ẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, màá sọ èyí tó kan nínú ọ̀nà méjèèjì fún yín.