Ẹ Bi Ìyá Oníṣirò: Ṣé 1.04 Yàtọ̀ Sí 1?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Mà. Olùkọ́ wa ní ká fi dátà Cobb àti Douglas, àwọn onímọ̀ Amẹ́ríkà méjì, ṣe regression (ìṣirò tó ń fi àwọn nǹkan kan ṣàlàyé òmíràn): log (logarithm) ọjà tí àwọn ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà ṣe jáde láti 1899 sí 1922, lórí log òṣìṣẹ́ àti log kápítà (ẹ̀rọ àti ilé tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́). Mo rí 0.81 fún òṣìṣẹ́, 0.23 fún kápítà, t àwọn méjèèjì (ìwọ̀n bí nọ́ńbà ṣe jìnnà sí 0 tó) sì ga dáadáa. Àròpọ̀ wọn jẹ́ 1.04, ni mo bá kọ ọ́ pé kì í ṣe 1. Olùkọ́ fi bírò pupa kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ pé, “Ta ló dán an wò?” Kí ni mo fi sílẹ̀?
Akẹ́kọ̀ọ́ ètò ọrọ̀ ajé, Ìlọrin

ÌDÁHÙN: Olùkọ́ rẹ ò jẹ̀bi o. Ohun tí t tí o rí yẹn ń bèèrè ni pé, ṣé ti òṣìṣẹ́ jẹ́ 0, ṣé ti kápítà jẹ́ 0. Kò sí èyí tó bèèrè bóyá àròpọ̀ wọn jẹ́ 1, ìyẹn ni pé bí òṣìṣẹ́ àti kápítà bá di ìlọ́po méjì, ọjà náà á di ìlọ́po méjì. Ọdún 24 péré ló sì bí nọ́ńbà méjèèjì.

Má kàn ro standard error wọn (ìwọ̀n bí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ṣe lè yẹ̀ tó) pọ̀. Variance (standard error tí a sọ di ìlọ́po ara rẹ̀) ti àròpọ̀ ni variance ti òṣìṣẹ́, ká fi ti kápítà kún un, ká tún fi covariance wọn (ìwọ̀n bí nọ́ńbà méjèèjì ṣe jọ ń yẹ̀) kún un lẹ́ẹ̀mejì. Níbí lọ̀rọ̀ wà. Òṣìṣẹ́ àti kápítà jọ ń gòkè ni: bí a bá pe 1899 ní 100, nígbà tó fi máa di 1922, òṣìṣẹ́ ti di 161, kápítà ti di 431. Regression ò rí wọn yà sọ́tọ̀ dáadáa, covariance wọn sì jẹ́ òdì. Wọ́n dà bí ẹni méjì lórí ìjókòó kan: bí ọ̀kan bá fẹ̀, èkejì á fún. Nítorí náà, àròpọ̀ wọn dúró dáadáa ju bí o ṣe máa rò lọ.

Ọ̀nà tí èmi fẹ́ràn rèé. Yọ log òṣìṣẹ́ kúrò nínú log ọjà, yọ ọ́ kúrò nínú log kápítà náà. Wá fi èyí kejì pẹ̀lú log òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀ ṣàlàyé èyí àkọ́kọ́. Coefficient (nọ́ńbà tí regression fún) log òṣìṣẹ́ báyìí ni àròpọ̀ ọjọ́sí, tí a ti yọ 1 kúrò nínú rẹ̀. Wo t rẹ̀, o ti dán an wò nìyẹn.

Tó bá jẹ́ F (ọ̀nà mìíràn láti dán an wò) lo fẹ́, yọ log òṣìṣẹ́ yẹn kúrò, tún regression ṣe, kí o wo iye tí RSS, ìyẹn àròpọ̀ ìlọ́po ara àwọn àṣìṣe tó kù, fi lé sí i. Fi RSS ti àkọ́kọ́, tí o ti fi 21 pín (ọdún 24, yọ nọ́ńbà mẹ́ta tí regression wá), pín àlékún náà. Ààlà 5%, tí F gbọ́dọ̀ kọjá kí a tó ní àròpọ̀ kì í ṣe 1, jẹ́ 4.32, tìrẹ ò ní tó 1 pàápàá. Àmọ́ jọ̀ọ́, má fi R² (ìpín ohun tí regression ṣàlàyé) ti regression tó ní log ọjà wé ti èyí tó ní ìyọkúrò. Ohun tí wọ́n ń ṣàlàyé ò dọ́gba. Mo máa ń rí i nínú iṣẹ́ àwọn ọmọ, ó sì máa ń bí mi nínú.

Ní 1928, Cobb àti Douglas fúnra wọn ò dán an wò: wọ́n kàn so àròpọ̀ mọ́ 1 ni, wọ́n sì rí 0.75 àti 0.25. Ní 1937, onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé David Durand ní kí wọ́n tú u sílẹ̀, kí àròpọ̀ lè jẹ́ iyekíye, Douglas sì gbà.

Bí o bá ń lo Stata, ètò kọ̀ǹpútà fún ìṣirò, lẹ́yìn àṣẹ regress, kọ test, orúkọ òṣìṣẹ́, àmì àròpọ̀, orúkọ kápítà, = 1. Nínú iṣẹ́ rẹ, kọ ọ́ pé dátà ò tako pé àròpọ̀ jẹ́ 1. Má kọ ọ́ pé o ti fi hàn pé 1 ni, olùkọ́ yẹn á tún mú bírò pupa rẹ̀ jáde.