Rédíò Ọkọ̀ Tí Fóònù Ń Bá Sọ̀rọ̀ Láìlo Wáyà: Kí Ló Yẹ Kí N Yẹ̀ Wò Kí N Tó Rà Á?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá wa. Ọkọ̀ tí mò ń lò ti lé ní ọdún mẹ́wàá dáadáa. Rédíò tó bá a wá láti ilé iṣẹ́ ṣì ń ṣiṣẹ́, ó ń lo CD, ó sì ní ihò AUX kékeré tí a lè ki wáyà bọ̀, ṣùgbọ́n kò ní Bluetooth rárá. Mo fẹ́ máa gba ìpè láìfọwọ́ kan fóònù nígbà tí mo bá ń wakọ̀, mo sì fẹ́ kí orin àti máàpù tó wà lórí fóònù mi máa jáde nínú ọkọ̀. Ẹnì kan tó ń tà á sọ pé rédíò olójú ńlá èyíkéyìí ni yóò wọ̀ ọ́. Ẹlòmíràn ní kí n má wulẹ̀ da ara mi láàmú, kí n ra ohun kékeré kan tí wọ́n ń ki bọ ihò ìtanná sìgá. Èwo ni kí n ṣe? Ṣé àwọn bọ́tìnnì orí sítíárìn mi kò ní kú? Ẹ̀rù sì ń bà mí kí bátìrì má lọ máa kú mọ́jú.

ÌDÁHÙN

Ẹ ṣeun tí ẹ béèrè kí ẹ tó náwó. Àwọn méjèèjì tó gbà yín nímọ̀ràn kò parọ́ tán, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó wo inú ọkọ̀ yín nínú wọn kí ó tó lanu, ibẹ̀ gan-an sì ni iṣẹ́ yìí ti máa ń wọ́. Láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ iná ọkọ̀, rédíò tuntun tó bàjẹ́ fúnra rẹ̀ kì í wọ́pọ̀ lọ́wọ́ mi. Èyí tó wọ́pọ̀ ni rédíò gidi tí wọ́n so mọ́ wáyà tí kì í ṣe tirẹ̀, tàbí èyí tí wọ́n rà fún ọkọ̀ tí kò lè gbà á. Ọkọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò, kí ẹ tó yan rédíò.

Ohun méjì ni àwọn ọlọ́jà máa ń kó pọ̀ bí wọ́n bá sọ pé rédíò kan "kò nílò wáyà". Èkíní ni Bluetooth lásán, tó ń lo ìgbì afẹ́fẹ́ tó wà ní nǹkan bíi 2.4 GHz. Ó lè gbé ohùn ìpè àti orin wá láti inú fóònù, ó lè kó orúkọ àwọn ènìyàn yín wá sójú rédíò, ẹ sì lè fi bọ́tìnnì rédíò yí orin padà, ṣùgbọ́n kò lè gbé máàpù. Èkejì ni CarPlay ti Apple àti Android Auto ti Google, tí wọ́n kéde méjèèjì ní 2014. Àwọn wọ̀nyí ló ń jẹ́ kí máàpù, orin àti iṣẹ́ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí yín jáde sójú rédíò ní ìrísí tó rọrùn fún ẹni tó ń wakọ̀. Wáyà USB ni wọ́n ń lò nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ dé. Nínú èyí tí kò lo wáyà, iṣẹ́ alárinà ni Bluetooth ń ṣe: òun ló ń fi fóònù mọ rédíò, lẹ́yìn náà ni Wi-Fi, tó sábà máa ń jẹ́ ti 5 GHz, yóò wá gbé ẹrù náà. Bí ìyàwó bá sì ti mojú ọkọ, alárinà a yẹ̀ba, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé nínú Android Auto, ìpè ṣì máa ń gba orí Bluetooth kọjá.

Nítorí náà, bí ẹ bá rí "CarPlay" tàbí "Android Auto" lára páálí rédíò, ẹ wò ó bóyá wọ́n kọ ọ̀rọ̀ "wireless" mọ́ ọn, nítorí pé ọ̀pọ̀ rédíò ló ní méjèèjì tó jẹ́ pé wáyà nìkan ni wọ́n mọ̀. Ẹ wo fóònù yín pẹ̀lú: láti Android 11 lọ sókè, fóònù tó bá ní Wi-Fi 5 GHz lè bá Android Auto ṣiṣẹ́ láìlo wáyà. Àṣìṣe mìíràn tún wà níbẹ̀ tó ti jẹ ọ̀pọ̀ ènìyàn lówó. Rédíò tí wọ́n fi Android ṣe, tó dà bí tábílẹ́ẹ̀tì tí wọ́n kàn mọ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú Android Auto. Ó lè ní Android nínú kó má sì ní Android Auto, ẹ ó kàn wá ní fóònù kejì tí ẹ óò máa wá íntánẹ́ẹ̀tì fún. Èmi kì í sáré gba oníbàárà nímọ̀ràn láti rà á.

Ní ti ohun kékeré inú ihò ìtanná sìgá, ó ń gba orin lọ́wọ́ fóònù nípasẹ̀ Bluetooth, ó sì ń tún un gbé sáfẹ́fẹ́ bí ilé iṣẹ́ rédíò kékeré kan, láàárín 87.5 sí 108 MHz ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, kí rédíò ọkọ̀ lè gbọ́ ọ. Níbi tí àwọn ilé iṣẹ́ rédíò gidi bá pọ̀ sí, wọn yóò bò ó mọ́lẹ̀, bí ẹ bá sì ń rin ọ̀nà jíjìn, ẹ óò máa wá àyè òfìfo kiri lójú rédíò. Ẹ̀yin tí ẹ ní ihò AUX kò nílò ìyẹn. Ohun èlò Bluetooth kékeré kan wà tí wọ́n ń ki bọ ihò AUX, tí ohùn rẹ̀ sì mọ́ jù ti àkọ́kọ́ lọ púpọ̀, nítorí pé kò gba afẹ́fẹ́ kọjá lẹ́ẹ̀mejì. Bí ó bá ń gba iná láti inú ọkọ̀, ẹ lè máa gbọ́ ariwo wíìì kan tó ń ga sí i bí ẹ́ńjìnnì bá ṣe ń sáré sí i. Ohun èlò kékeré kan tó ń dá irú ariwo bẹ́ẹ̀ dúró wà tí a lè fi sí àárín wáyà AUX náà. Bí ó bá jẹ́ orin àti ìpè nìkan ni ẹ ń fẹ́, tí ẹ lè fara mọ́ kí máàpù wà lójú fóònù lórí ohun ìgbéfóònù, ibẹ̀ ni mo máa ní kí ẹ dúró sí. Rédíò yín kò ní kúrò ní àyè rẹ̀, kò sì sí wáyà kan tí a óò fọwọ́ kàn.

Ṣùgbọ́n bí máàpù bá di dandan, ẹ wọn àyè tí rédíò wà. Ìwọ̀n tí wọ́n ń pè ní DIN, tó ti Jámánì wá, ló pín rédíò ọkọ̀ sí oríṣi méjì: ẹyọ kan jẹ́ 180 mìlímítà ní ìbú àti 50 ní gíga, méjì sì jẹ́ 180 ní ìbú àti 100 ní gíga. Àyè inú àwọn ọkọ̀ Toyota kan fẹ̀ tó 200, a ó sì fi ohun kékeré dí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Bí ti yín bá jẹ́ ẹyọ kan, rédíò tí ojú rẹ̀ yọ síta wà, ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa kí ojú náà má baà bo ibi tí atẹ́gùn ti ń jáde tàbí bọ́tìnnì iná ìkìlọ̀. Ọkọ̀ mìíràn wà tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ kó bọ́tìnnì ẹ̀rọ amúlétutù mọ́ ojú rédíò pọ̀. Ìyẹn gba férémù tí wọ́n ṣe fún irú ọkọ̀ náà gan-an, bí kò bá sì sí, ẹ padà sí ọ̀rọ̀ AUX.

Ọ̀rọ̀ bátìrì tí ẹ sọ ló ká mi lára jù, nítorí pé ìdí wà tí ẹ fi ń bẹ̀rù. Wáyà tó ń gbé iná lọ sínú rédíò jẹ́ méjì. Nínú rédíò tí a rà lọ́tọ̀, èyí tó ní àwọ̀ ìyeyè ń ti ara bátìrì wá tààrà, ó sì wà fún ìrántí rédíò, kí ó má baà gbàgbé fóònù yín. Èyí tó pupa kò gbọdọ̀ ní iná àfi bí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́. Dúdú ń lọ sí ara irin ọkọ̀. Bí wọ́n bá so ìyeyè àti pupa rédíò pọ̀ mọ́ iná tó ń ti ara bátìrì wá tààrà, rédíò kò ní sùn, bátìrì a sì kú mọ́jú. Bí wọ́n bá so wọ́n pọ̀ mọ́ iná tó ń tẹ̀lé kọ́kọ́rọ́, rédíò yóò máa gbàgbé gbogbo nǹkan ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá pa ọkọ̀. Kì í sì í ṣe àìmọ̀kan nìkan ló ń fà á. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tuntun díẹ̀, kò sí wáyà tó ń tẹ̀lé kọ́kọ́rọ́ lẹ́yìn rédíò mọ́. Orí wáyà ìsọfúnni tí wọ́n ń pè ní CAN ni àṣẹ "tan" àti "pa" ń gbà wọlé. Oníṣẹ́ tí kò bá rí wáyà tó ń wá, ìyeyè ni yóò so pupa mọ́, yóò sì gba owó rẹ̀. Ẹ ní kí ó fi ohun èlò tó ń ka CAN sí i.

Ohun èlò yìí kan náà ló sábà máa ń gba àwọn bọ́tìnnì sítíárìn là. Bí ọkọ̀ yín bá jẹ́ èyí tí bọ́tìnnì rẹ̀ ń lo wáyà lásán, rédíò tuntun tó ní àyè fún un lè kọ́ bọ́tìnnì náà fúnra rẹ̀: ẹ ó tẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ ó sì sọ iṣẹ́ tí yóò máa ṣe fún un. Bí ó bá jẹ́ orí CAN ni wọ́n ń gbà, láìsí ohun èlò náà wọn yóò kú lóòótọ́.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé sọ́kẹ́ẹ̀tì tó bá ọkọ̀ wá. Àwọ̀ tí mo kà sókè yìí kì í ṣe ti ọkọ̀, ti rédíò tí a rà ni. Olúkúlùkù ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ló ní àwọ̀ tirẹ̀. Sọ́kẹ́ẹ̀tì ìsopọ̀ wà tí apá kan rẹ̀ ń wọ ti ọkọ̀, tí a sì ń so apá kejì mọ́ ti rédíò lórí tábìlì, kí a tó gbé e dé inú ọkọ̀. Wáyà sípíkà mẹ́jọ ló wà níbẹ̀, méjì fún sípíkà kọ̀ọ̀kan, kò sì sí èyí tó gbọdọ̀ fara kan irin ọkọ̀ nínú wọn, nítorí pé ó lè jó ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn jáde nínú rédíò. Ẹ má sì jẹ́ kí "50 W lọ́nà mẹ́rin" tó wà lára páálí tàn yín. Ohun tí rédíò bẹ́ẹ̀ lè gbé jáde láìsinmi sábà máa ń wà ní nǹkan bíi 14 sí 22 W fún sípíkà kọ̀ọ̀kan, ó sì tó fún sípíkà tó bá ọkọ̀ wá.

Máíkì ni àwọn ènìyàn kì í rántí, bẹ́ẹ̀ ìpè ni ẹ tìtorí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹ ra rédíò tí máíkì rẹ̀ dá wà pẹ̀lú wáyà gígùn, kí wọ́n gbé e sí òkè nítòsí ìbòòrùn awakọ̀ tàbí sórí ọ̀pá sítíárìn, kí ó jìnnà sí ojú ẹ̀rọ amúlétutù. Máíkì tó wà lójú rédíò fúnra rẹ̀ yóò gbọ́ afẹ́fẹ́ ju ẹ̀yin lọ, ẹni tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀ yóò sì máa bi yín ní "ẹ ní kí ni?" títí ẹ óò fi pa ìpè. Wáyà rẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjá níwájú àpò afẹ́fẹ́ tó máa ń bẹ́ síta nígbà ìjàǹbá, èyí tó wà nínú òpó ẹ̀gbẹ́ gíláàsì nínú àwọn ọkọ̀ kan.

Wáyà kan tún wà fún bíréèkì ọwọ́, tí kì í jẹ́ kí fíìmù máa ṣeré nígbà tí ọkọ̀ bá ń lọ. Àwọn oníṣẹ́ kan máa ń so ó mọ́ irin kí oníbàárà lè máa wo fíìmù lójú ọ̀nà. Èmi kì í ṣe é fún ẹnikẹ́ni.

Lọ́jọ́ iṣẹ́, kí wọ́n tú òpó òdì bátìrì, kí wọ́n sì dúró ní ìṣẹ́jú mélòó kan kí wọ́n tó tú dáṣíbọ́ọ̀dù. Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ pe ẹnì kan láti inú ọkọ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ amúlétutù ní títàn, ẹ tẹ gbogbo bọ́tìnnì sítíárìn, ẹ gbọ́ sípíkà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n ti ọkọ̀ pa fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí wọ́n sì fi mítà wọn iná tí ó ń fà lára bátìrì. Nínú ọ̀pọ̀ jù lọ ọkọ̀, kò yẹ kí ó ju nǹkan bíi 50 mA lọ. Bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ ní kí wọ́n yọ fíúsì rédíò, kí wọ́n tún un wọ̀n. Bí ó bá wálẹ̀ lójú ẹsẹ̀, iṣẹ́ wọn ni, ẹ má tíì san owó. Rédíò àtijọ́ náà, ẹ gbé e lọ sílé pẹ̀lú ìdè rẹ̀, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà ìdábòbò rẹ̀ sára rẹ̀ bí ó bá ní, nítorí ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ ta ọkọ̀.