Ẹ má tíì sanwó sọ́kàwéè tuntun o

Ẹ̀yin àǹtí tẹ́ ẹ ní àbúrò yín nílé ń béèrè owó sọ́kàwéè tuntun, ihò tí omi ilé ìgbẹ́ ń rì sí, tí omi kànga náà sì ti ń rùn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fowó ránṣẹ́. Ohun tójú mi rí gan-an lẹ ń sọ yìí.

Ilé màmá mi ni tèmi. Bí wọ́n bá ti da omi sí ilé ìgbẹ́, ńṣe ló ń ru padà. Bíríkìlà dé, kò ṣí ohunkóhun wò, ó ní sọ́kàwéè ti kú. Ẹ̀gbọ́n mi gbà, ẹ sáà mọ̀ bí àwọn ẹ̀gbọ́n ṣe ń ṣe bí owó bá ń bọ̀ láti òkè òkun. Ibo ni wọ́n gbẹ́ tuntun ọ̀hún sí? Ẹ̀gbẹ́ kànga! Wọ́n ní ibẹ̀ nilẹ̀ ti rọ̀. Kò pẹ́ kò jìnnà, ìyẹn náà kún, omi kànga sì yíwọ́.

Sọ́kàwéè ò jẹ̀bi o, tánkì ìgbẹ́ tó ṣáájú ẹ̀ ni. Inú tánkì ni ìgbẹ́ ti ń sìlẹ̀, ọ̀rá á léfòó, omi àárín nìkan ló yẹ kó ṣàn lọ sí sọ́kàwéè. Bí wọn ò bá fa ẹ̀gbin inú ẹ̀ jáde fún ọ̀pọ̀ ọdún, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ á kún dé ẹnu páìpù, á bá omi lọ, á sì dí ilẹ̀ tó yẹ kó máa fa omi mu. Ẹ gbẹ́ sọ́kàwéè mẹ́wàá, bó ṣe máa dí gbogbo wọn nìyẹn. Láàárín ọdún 3 sí 5 ló yẹ kí wọ́n máa fà á. Bí èrò bá pọ̀ nílé, kó yá jù bẹ́ẹ̀.

Àwọn tó ń fà á náà, ẹ ṣọ́ wọn. Omi òkè ni wọ́n ń fà torí òun ló yá, wọ́n á fi ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ sílẹ̀, wọ́n á gbowó, ó dìgbà. Ẹ ní kí wọ́n ṣí ìdérí yàrá méjèèjì inú tánkì, kí wọ́n da omi sí ẹrẹ̀ náà, kí wọ́n rò ó pọ̀, kí wọ́n tún fà á. Kí wọ́n wá ki ọ̀pá gígùn bọ̀ ọ́ dé ìsàlẹ̀, kí wọ́n sì yọ ọ́ lójú fídíò. Bí ẹrẹ̀ dúdú bá ṣì yí ọ̀pá náà nídìí, iṣẹ́ ò tíì parí. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wọ inú ẹ̀ o, kó má tilẹ̀ ki orí bọ̀ ọ́: gáàsì ibẹ̀ ń pani kíá, ẹni tó bá fẹ́ lọ yọ ẹni àkọ́kọ́ náà lè kú síbẹ̀.

Ti àwọn wọléwọlé, ẹ jẹ́ n má sọ̀rọ̀ jù. Ìgbà tá a bẹ̀ wọ́n kí wọ́n wá wọn ilẹ̀, ọ̀gá ò sí lórí ìjókòó. Ìgbà tí òórùn dé títì, wọ́n gbé ìwé ìtanràn dé.

Omi kànga, ẹ gbé e lọ sí láàbù lọ́dọọdún, fún kòkòrò inú ìgbẹ́ àti nitrate, èròjà kan tó máa ń ti inú ìgbẹ́ wọ omi. Màmá mi ní omi òun mọ́ gaara, kí la fẹ́ yẹ̀ wò níbẹ̀. Sísè ń pa kòkòrò, àmọ́ kò lè yọ nitrate, ìkókó tí ò tíì pé oṣù 6 ò sì gbọdọ̀ mu omi tí nitrate bá pọ̀ nínú ẹ̀. Dída kọlọríìnì, oògùn apakòkòrò, sí kànga ò le, àwọn tó ń fọ kànga mọ̀ ọ́n ṣe, ṣùgbọ́n owó ń ṣòfò ni bí ihò ìgbẹ́ bá ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀.

Ẹ fọkàn balẹ̀, ọ̀pọ̀ ìgbà ni fífà yẹn nìkan máa ń yanjú ẹ̀. Bí wọ́n bá fà á tán tómi ò sì lọ, ẹ lè gbà fún tuntun nígbà náà. Kí wọ́n ta téèpù láti ẹnu kànga, 30 mítà ó kéré tán, sí ibi tí ilẹ̀ ti dà gẹ̀rẹ́ kúrò lọ́dọ̀ kànga. Kí wọ́n sì ta á dé kànga aládùúgbò náà, torí ẹjọ́ tiwa ṣì wà níbẹ̀ títí dòní.