Láti Pemba sí Zanzibar: ẹ má fi aago há ara yín

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Kubwa lèmi àti ìyàwó mi ń gbé. A ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣègbéyàwó, a sì fẹ́ lọ gbafẹ́ ní Zanzibar, ká dé erékùṣù Pemba pẹ̀lú. Mo wo bí Pemba ṣe jìn tó lórí íntánẹ́ẹ̀tì: ibì kan ní 125, òmíràn ní 78, òmíràn tún ní 67. Wọ́n ní ìṣẹ́jú 10 ni bàálù máa fi dé. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni bàálù tó ń gbé wa bọ̀ wálé máa gbéra ní Zanzibar. Ṣé tá a bá kúrò ní Pemba ní aago méjì, a ò ní pẹ́?

Ìdáhùn: Ẹ kú oríire ìgbéyàwó o. Aago méjì yẹn léwu, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yí i padà.

Pemba gan-an wà lára Zanzibar. Erékùṣù Unguja, níbi tí pápákọ̀ òfuurufú Abeid Amani Karume wà, lẹ ní lọ́kàn. Iye mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ẹ rí ò sì ta ko ara wọn. Kìlómítà ni 125, máìlì ojú títì ni 78, máìlì òkun táwọn awakọ̀ bàálù ń lò ni 67. Kò fi bẹ́ẹ̀ ju Abuja sí Minna lọ, téèyàn bá fò ó tààrà.

Ìṣẹ́jú 10 ni mi ò gbà. Eré bàálù ńlá, bíi kìlómítà 800 ní wákàtí kan, ni kọ̀ǹpútà fi ṣírò rẹ̀. Àwọn bàálù kékeré ẹlẹ́ńjìnnì kan bíi Cessna Caravan, tó ń gba èèyàn bíi 12, ló sì ń ná ọ̀nà yẹn, eré tiwọn ò fi bẹ́ẹ̀ ju 300 lọ. Ẹ ka ti bó ṣe máa rìn lórí ilẹ̀, tó máa gòkè, tó máa sọ̀ kalẹ̀ mọ́ ọn, ó ti di bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú.

Ẹ ṣọ́ ẹrù yín. Kìlógíráàmù 15 ni púpọ̀ nínú wọn ń gbà lọ́wọ́ ẹnì kan, báàgì rírọ̀ ni wọ́n sì ń fẹ́. Àpótí líle onítáyà lè má wọ inú rẹ̀. Wọ́n lè ní kí ẹ̀yin alára gun òṣùwọ̀n. Ẹ má jẹ́ kó bí yín nínú, ìwọ̀n tí bàálù lè gbé ni wọ́n ń ṣọ́.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù ni pé tíkẹ́ẹ̀tì méjèèjì ò so pọ̀. Tí òjò bá dá èyí kékeré dúró ní Pemba, ńlá ò ní dúró dè yín, tíkẹ́ẹ̀tì yín sì jóná nìyẹn. Bí kékeré ò tiẹ̀ pẹ́, ẹ̀yin lẹ máa gba ẹrù, tí ẹ máa tún tò láti fi í sílẹ̀, ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ bàálù sì ń pa ibi tí wọ́n ti ń gba ẹrù dé ní wákàtí kan kí wọ́n tó gbéra. Ẹ padà sí Unguja ní àárọ̀ ọjọ́ tó ṣáájú, kí ẹ sùn síbẹ̀.

Aago wọn fi wákàtí méjì ṣáájú tiwa. Àwọn Swahili tún máa ń ka wákàtí láti ìdájí: ohun tí àwa máa pè ní aago méje àárọ̀ níbẹ̀ ni wọ́n ń pè ní aago kan. Tí ẹ bá ń bá onítakisí ṣàdéhùn ní Pemba, ẹ fi aago tó wà lára tíkẹ́ẹ̀tì hàn án.