Ṣé olùkọ́ tó ń kọ́ ọmọ ní ìṣirò èlé ti di akọ̀wé èlé?

ÌBÉÈRÈ

Àsàlámù aleekun, Àlùfáà. Ẹ̀kọ́ ọrọ̀ ajé àti okòwò ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ girama àwọn Mùsùlùmí. Ìlànà ẹ̀kọ́ tí à ń tẹ̀ lé sọ pé mo gbọ́dọ̀ kọ́ wọn bí báńkì ṣe ń ṣírò èlé, torí ó máa ń jáde nínú ìdánwò àṣekágbá. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, bí mo ṣe ń kọ ọ́ sára pátákó lọ́wọ́, ọmọbìnrin kan nawọ́ sókè. Ó ní wọ́n kọ́ àwọn ní ilé-kéú pé Ànábì ṣẹ́bi lé ẹni tó ń kọ èlé sílẹ̀, ṣé èmi náà kò sí lára wọn. Ọ̀rọ̀ náà bá mi lójijì, mi ò rí èsì fún un. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ wa ní kí n kúkú fo orí ẹ̀kọ́ náà. Ẹ jọ̀wọ́ sà, ṣé haláàlì ni owó iṣẹ́ mi? Ṣé kí n fò ó? Bí ìdánwò bá sì bi àwọn ọmọ pé kí ni èrè tí olówó ń rí lórí owó rẹ̀, tí ìwé ní èlé ni, kí ni kí wọ́n kọ?

ÌDÁHÙN

Wa alaekum salaam wa rahmatullaah. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn Sọ̀hábà rẹ̀.

Arábìnrin mi, ọmọ yẹn ti mú inú mi dùn. Ọmọ tó gbọ́ hàdíìsì ní ilé-kéú, tí hàdíìsì náà kò sùn lọ́kàn rẹ̀ nígbà tó jókòó síwájú pátákó ìṣirò, òun gan-an la torí rẹ̀ dá irú ilé-ẹ̀kọ́ yín sílẹ̀. Ẹ má ṣe kà á sí àfojúdi.

Jabir ọmọ Abdullah ló gba hàdíìsì náà wá, Imam Muslim, ọ̀kan nínú àwọn tó kó hàdíìsì, ọ̀rọ̀ àti ìṣe Ànábì, jọ sínú ìwé, sì gbé e jáde: Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun ṣẹ́bi lé ẹni tó ń jẹ èlé, ẹni tó ń fún un jẹ, ẹni tó ń kọ ọ́ sílẹ̀ àti ẹlẹ́rìí rẹ̀ méjèèjì, ó ní bákan náà ni gbogbo wọn. Ọ̀rọ̀ ńlá ni, mi ò sì ní fi àlàyé sọ ọ́ di fúyẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn tó dárúkọ. Àdéhùn kan ṣoṣo ni àwọn márààrún jókòó yí ká. Owó wà níbẹ̀, gbèsè wà níbẹ̀, ẹnì kan fẹ́ gbà, ẹnì kan fẹ́ san. Akọ̀wé tí Ànábì ń sọ ni ẹni tí gègé rẹ̀ mú kí àdéhùn náà fìdí múlẹ̀. Èyí tí ẹ kọ sára pátákó kò so gbèsè mọ́ ẹnikẹ́ni lọ́rùn. Bí agogo bá lù, ẹ ó nù ún kúrò, kò sì sẹ́ni tó jẹ ẹnì kejì rẹ̀ ní nǹkan kan. Ẹ kò sí lára wọn.

Ẹ jẹ́ kí n tún fi ẹ̀rí sí i. Hudhayfah ọmọ al-Yaman, ọ̀kan nínú àwọn Sọ̀hábà, sọ pé àwọn ènìyàn a máa bi Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun léèrè nípa rere, òun a sì máa bi í nípa aburú, torí ìbẹ̀rù kí aburú náà má baà bá òun. Ànábì kò sọ fún un rí pé kó panu mọ́. Ó dá a lóhùn, ó sì ṣàlàyé fún un. Nínú Àlùkùránì, Suratul-Baqarah, aayah 275, ẹ ó rí i pé kí Ọlọ́hun tó dá àwọn tó ń jẹ èlé lóhùn, Ó kọ́kọ́ sọ àwáwí wọn jáde bí wọ́n ṣe wí i: wọ́n ní òwò dà bí èlé náà ni. Lẹ́yìn náà ni Ó wá ní Ọlọ́hun ṣe òwò ní ẹ̀tọ́, Ó sì ṣe èlé ní èèwọ̀. Bí Ọlọ́hun kò bá fi àwáwí wọn pa mọ́ fún wa, kí ló dé tí àwa yóò fi pa á mọ́ fún ọmọ tó máa tó dàgbà sáàárín rẹ̀?

Ìdí nìyí tí mi ò fi bá ọ̀gá yín sọ ọ́ pé kí ẹ fò ó. Mo mọ̀ pé ìbẹ̀rù Ọlọ́hun ló mú un sọ bẹ́ẹ̀, Ọlọ́hun yóò san án ní ẹ̀san rere. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ìtàn yìí, Imam Bukhari àti Imam Muslim ló gbà á wá. Bilal gbé dàbínù dáradára kan wá fún Ànábì. Ànábì bi í léèrè ibi tó ti rí i. Ó ní dàbínù kan tí kò dára ló wà lọ́wọ́ òun, òun sì fi òṣùwọ̀n méjì rẹ̀ gba òṣùwọ̀n kan èyí, kí Ànábì lè rí dáradára jẹ. Ànábì ké háà, ó ní: “Èlé gan-an nìyẹn! Èlé gan-an nìyẹn! Má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Bí o bá fẹ́ rà á, ta tìrẹ lọ́tọ̀, kí o wá fi owó rẹ̀ ra èyí.”

Ta ni Bilal? Ẹni tí wọ́n dá òkúta lé láyà nítorí Ọlọ́hun, tí kò sẹ́. Ìfẹ́ Ànábì ló gbé e dé ọjà lọ́jọ́ náà. Ọkàn rẹ̀ mọ́, síbẹ̀ ó kó sínú èlé, torí ìmọ̀ ọ̀rọ̀ náà kò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí ọkàn mímọ́ nìkan kò bá gba Bilal, kò lè gba ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tí ẹ fò ó fún. Abájọ tí Umar, arọ́pò Ànábì kejì, fi ní, gẹ́gẹ́ bí Imam Tirmidhi ṣe gbà á wá, pé kí ẹnikẹ́ni má tajà nínú ọjà wọn àyàfi ẹni tó ní àgbọ́yé ẹ̀sìn.

Ẹ tún kíyè sí i pé Ànábì kò dúró sórí “má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́”. Ó fi ọ̀nà hàn án lójú ẹsẹ̀. Ibí ni púpọ̀ nínú àwa tó ń wàásù ti ń kùnà: a ó pariwo haráàmù títí ohùn wa yóò fi ha, a ò sì ní sọ fún ẹni tó nílò owó ibi tí yóò gbà.

Báwo wá ni kí ẹ ṣe kọ́ ọ? Ẹ ṣe ìṣirò náà láìfi nǹkan kan pa mọ́. Ẹnì kan yá 1,000, wọ́n ní 10 lórí ọgọ́rùn-ún lọ́dọọdún, èlé sì ń gorí èlé. Ọdún kìíní, ó di 1,100. Ọdún kejì, 1,210. Ọdún kẹta, 1,331. Ẹ bi wọ́n pé níbo ni 31 tó wà lẹ́yìn 1,300 ti wá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wá a fúnra wọn. Wọ́n á rí i pé 31 yẹn kì í ṣe èlé orí owó tí ẹni yẹn yá, èlé tí èlé bí ni. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti ka Suratu Aali-Imran, aayah 130 fún wọn, níbi tí Ọlọ́hun ti ní kí a má jẹ èlé ní ìlọ́po-ìlọ́po. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí wọ́n tibẹ̀ rò pé 31 nìkan ló burú. Suratul-Baqarah, aayah 279 ní ẹni tó bá ronú pìwà dà, ojú owó rẹ̀ ló ni. Ojú owó ni 1,000. Gbogbo 331 ni ó gbọ́dọ̀ bọ́ sílẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ fa ìlà sáàárín pátákó yẹn, kí ẹ kọ òwò àjọṣe sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ẹnì kan mú 1,000 wá, ẹnì kejì mú òógùn ojú rẹ̀ wá, wọ́n sì ti fohùn ṣọ̀kan ṣáájú lórí ìdá tí kálukú yóò mú nínú èrè. Bí òwò bá jẹ èrè, wọ́n pín in. Bí ó bá jó wọn lọ́wọ́, tí aṣòwò kò sì hùwà àìbìkítà tàbí ọ̀dàlẹ̀, olówó ló pàdánù owó, aṣòwò pàdánù iṣẹ́ rẹ̀. Irú òwò yìí ni Ànábì fi ọjà Khadijah, ẹni tó padà di aya rẹ̀, ṣe lọ sí Ṣáàmù (ilẹ̀ Síríà) kí iṣẹ́ Ànábì tó dé bá a. Ẹ wá bi àwọn ọmọ ní ìbéèrè kan péré: nínú méjèèjì, ta ló ru ewu? Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n jiyàn. Wọ́n á rí i pé ẹni tó ń gba èlé kò bá ẹnikẹ́ni ru nǹkan kan.

Bí ẹ bá dé orí báńkì tó ní òun kì í gba èlé, ẹ má ṣe polówó rẹ̀ lásán. Ó ní òun yóò ra ọjà, òun yóò fi èrè tó hàn sí gbangba lé e, oníbàárà yóò sì máa san án díẹ̀díẹ̀. Ó dára. Ṣùgbọ́n Ànábì sọ fún Hakim ọmọ Hizam, ọ̀kan nínú àwọn Sọ̀hábà, pé kó má ta ohun tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ọjà náà kò bá bọ́ sọ́wọ́ báńkì rí, tó jẹ́ orí ìwé nìkan ló ti kọjá, orúkọ ni wọ́n yí padà. Ẹ kọ́ wọn láti bi ìbéèrè yẹn níbikíbi, kódà níbi tí wọ́n ti kọ bísímílà sára ògiri.

Ní ti ìdánwò, ọmọ tó kọ ọ́ pé “àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé ń pe èrè orí owó ní èlé” ti ròyìn ohun tí àwọn kan gbà ni, kò ní òun gbà á. Kò ṣẹ̀, yóò sì gba máàkì rẹ̀. Bí ìbéèrè bá wá di ti èrò ọkàn rẹ̀, kó kọ òtítọ́ pẹ̀lú ìdí tó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá sì sọ fún wọn pé èlé báńkì yàtọ̀ sí èyí tí Àlùkùránì sọ, ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ òfin Ìsìláàmù láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ ti jókòó lé e ní Jẹ́dà lọ́dún 1985, wọ́n sì fẹnu kò pé èlé tí a kọ̀ ni.

Owó iṣẹ́ yín, haláàlì ni. Ààlà kan ni kí ẹ má kọjá: bí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n ṣe báńkì ní àṣewò, kó má jẹ́ owó gidi. Ọjọ́ tí ọmọ kan bá yá ọmọ kejì lówó nínú kíláàsì yín, tó sì gba lé lórí, a ti kúrò nínú ẹ̀kọ́.

Ó ku nǹkan kan tí ẹ kò bi mí, tó sì ń jẹ mí lọ́kàn. Mi ò mọ̀ bóyá tiyín ń ṣe é, ṣùgbọ́n àwọn ilé-ẹ̀kọ́ Mùsùlùmí kan wà tó jẹ́ pé bí òbí bá pẹ́ kó tó san owó ilé-ẹ̀kọ́, wọ́n á bu owó kún un, bó bá sì ń pẹ́ sí i, wọ́n á tún bù ú kún un. Ohun tí àwọn aláìmọ̀kan ń ṣe kí Ìsìláàmù tó dé nìyẹn: bí gbèsè bá tó san, wọ́n á ní, “Ṣé wàá san án ni, tàbí wàá fi kún un?” Ọlọ́hun ní bí ẹni tó jẹ gbèsè bá wà nínú ìnira, kí a lọ́ ọ lára títí di ìgbà ìdẹ̀rùn. Ẹ fi ọ̀wọ̀ bá ọ̀gá yín wo ìwé owó ilé-ẹ̀kọ́. Bí ìlà bẹ́ẹ̀ bá wà níbẹ̀, tábìlì akọ̀wé owó ni hàdíìsì Jabir ń bá wí, kì í ṣe pátákó yín.

Bí ẹ bá padà sí kíláàsì, ẹ pe ọmọ náà jáde. Ẹ fún un ní ṣọ́ọ̀kì, kó ṣe ìṣirò náà dé 1,331 lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, kó fa ìlà sábẹ́ 1,000, kó sì ka aayah 279 sókè.