Kí Ló Dé Tí Ọmọ Ọba fi Wọ Aṣọ Ọ̀fọ̀ Nínú Àwòrán?

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Mo rí àwòrán Christina, ọmọ ọba Dẹ́ńmáàkì, nínú ìwé ọmọ mi. Aṣọ dúdú tí ó wọ́ dé ilẹ̀ ni ó wọ̀, kò dé adé, kò sì fi ìlẹ̀kẹ̀ sọ́rùn. Wọ́n ní nítorí ọba kan tí ó fẹ́ fi í ṣe aya ni wọ́n ṣe yà á. Níbí wa, ta ni ń tọrọ opó nínú aṣọ ọ̀fọ̀?
Òǹkàwé kan, Ọjà-Ọba, Ìlọrin.

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun, ojú yín ríran. Opó ni lóòótọ́. Ọdún 1535 ni ọkọ rẹ̀, Francesco Sforza tí ó jẹ olórí ní Milan, ti kú, nítorí náà oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá tí opó Mùsùlùmí fi ń ṣe opó ní Ìlọrin ìbá ti parí tipẹ́tipẹ́. Ṣùgbọ́n ní ààfin Brussels, lọ́dọ̀ àbúrò ìyá rẹ̀, ó ṣì wà nínú dúdú, ọmọ ọdún 16 péré.

Henry Kẹjọ, ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí aya rẹ̀ kẹta kú lẹ́yìn ìbímọ ní 1537, ni ó rán ayàwòrán rẹ̀, Hans Holbein, lọ síbẹ̀. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹta, 1538, wákàtí 3 ni Christina fi jókòó fún un, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Holbein gbé ohun tí ó fi ọwọ́ yà padà sí London, ó sì fi ọ̀dà olóróró ya odidi ènìyàn ní ìdúró sórí pátákó igi tí gíga rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 179.

Alárinà ni àwòrán náà, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni kí ọba lè mọ ẹni tí òun fẹ́ tọrọ. Ní tèmi, aṣọ ọ̀fọ̀ yẹn gan-an ni ó ṣe Christina lóore, nítorí bí ó bá jẹ́ àrán àti wúrà ni ó wọ̀, aṣọ ni à bá máa wò. Ẹ tún un wò: nínú gbogbo dúdú yẹn, ojú tí kò rẹ́rìn-ín àti ọwọ́ méjèèjì tí ó di ìbọ̀wọ́ mú nìkan ni ó mọ́lẹ̀, pẹ̀lú òrùka kan ṣoṣo tí òkúta rẹ̀ pupa.

Inú Henry dùn sí i púpọ̀, àmọ́ ìgbéyàwó náà kò ṣeé ṣe, Christina sì fẹ́ ọmọ aládé ilẹ̀ Lorraine ní 1541. Lọ́dọ̀ wa, bí ìdána bá bàjẹ́, ẹrù a máa padà sílé ẹni tí ó gbé e wá. Henry kò jẹ́ kí àwòrán tirẹ̀ kúrò lọ́wọ́ òun títí ó fi kú.