Ṣé lóòótọ́ ni pé erékùṣù ni ìlú Tírè tẹ́lẹ̀? Kí ló dé tó fi lẹ̀ mọ́ ilẹ̀ báyìí?

Òótọ́ ni. Tírè inú Bíbélì, ìlú Hírámù ọba tó fi igi kédárì ránṣẹ́ sí Sólómọ́nì, àárín omi ló wà, nǹkan bí ìdajì máìlì sí etíkun Lẹ́bánónì. Nebukadinésárì ọba Bábílónì dó tì í fún ọdún 13, kò rí i fi ipá wọ̀.

Alẹkisáńdà Ńlá, ọba Makedóníà, ló dé ní ọdún 332 ṣáájú ìbí Jésù. Ó ní kí àwọn ọmọ ogun rẹ̀ wó Tírè àtijọ́, apá ìlú náà tó wà lórí ilẹ̀ ní etíkun, kí wọ́n máa da òkúta àti igi rẹ̀ sínú òkun títí yóò fi di ọ̀nà dé erékùṣù náà. Oṣù 7 gbáko ni ogun náà gbà! Ọ̀nà yẹn nìkan kọ́ ló sì ṣẹ́gun o. Ọkọ̀ ojú omi ló ká wọn mọ́, àwọn aládùúgbò ló sì kó o wá: Sídónì àti Bíbílọ́sì, ọmọ Fòníṣíà bíi tiwọn, ti túúbá fún un, Kípírọ́sì náà sì dara pọ̀.

Láti ìgbà náà ni iyanrìn òkun ti ń ṣù mọ́ ọ̀nà yẹn. Ó ti fẹ̀ débi pé ilé àti títì wà lórí rẹ̀ lónìí.